Ọrẹ Ọlọ́rọ̀ àti Owó Ọ̀yà Alágbàṣe

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń yọjú láàrín ìjọ wa lọ́dọọdún bí àkókò ìkórè bá ti ń súnmọ́ etílé. Ọ̀ràn náà nìyí: bí ọkùnrin olówó kan bá dìde, tí ó sì ṣe ìlérí owó ńlá fún iṣẹ́ Olúwa, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a bi í léèrè ọ̀nà tí ó gbà rí i? Àwọn kan a máa wí pé kò tọ́, nítorí Ọlọ́run nìkan ni olùmọ̀ ọkàn. Àwọn mìíràn a máa wí pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í jáde títí a ó fi ka owó náà tán, tí a ó sì ti gbé e lọ sí báńkì. Àwa kò fẹ́ kí arákùnrin kankan nínú ìjọ rò pé òun ni a ń fi ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Nítorí náà ni a ṣe yan ẹnì kan tí ó ti kú tipẹ́, tí ìlú rẹ̀ jìnnà sí tiwa, tí ìwé ìṣirò rẹ̀ sì ti di ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé lè yẹ̀ wò. Orúkọ ọkùnrin náà ni Andrew Carnegie, oníṣòwò irin, ẹni tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ilé ìkàwé.

Ìlú Dunfermline ní ilẹ̀ Skọ́tláǹdì ni a gbé bí i ní ọdún 1835. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Orí òfì tí ó wà nínú ilé ni ó ti ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, títí àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ ńláńlá fi dé, tí wọ́n sì gba oúnjẹ lẹ́nu òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́ pọ̀ fún wọn, ìyá rẹ̀ yá 20 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, wọ́n fi san owó ọkọ̀, wọ́n sì ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1848, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ní Allegheny, lẹ́bàá ìlú Pittsburgh, ìyá a máa bá oníbàtà kan rán bàtà di òru. Ọmọ sì wọ ilé iṣẹ́ òwú, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 lójúmọ́ láti gba dọ́là kan àti 20 sẹ́ǹtì lọ́sẹ̀. A rọ ẹ̀yin òǹkàwé wa kí ẹ fi owó kékeré wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá wọn.

Kò pẹ́ tí ó fi di ọmọ iṣẹ́ ní ilé wáyà, tí ó ń gbé ìwé wáyà kiri ìgboro fún àwọn oníṣòwò. Ní àkókò náà, ọkùnrin ọlọ́lá kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì James Anderson, ṣí yàrá ìwé rẹ̀, tí ìwé inú rẹ̀ tó bí 400, sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́, kí olúkúlùkù lè wá yá ìwé kan ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí àwọn alábòójútó ibẹ̀ fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, Andrew kọ̀wé sí ilé ìwé ìròyìn, ó fi ṣe àròyé, wọ́n sì gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ó pinnu láti ìgbà náà pé bí òun bá di olówó, òun yóò ṣe bákan náà fún ọmọ mìíràn. Ìlérí tí ọmọdé ṣe ni, àgbà sì mú un ṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń sọ èyí tí ó kù.

Ní ọdún 1853, Thomas Scott, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti Pennsylvania, gbà á sí iṣẹ́ ní dọ́là 35 lóṣù. Scott yìí ni ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí a kì í kọ́ni nínú kíláàsì. Ní ọdún 1856, ó bá a wá ọ̀nà tí ó fi ra ìpín 10 nínú ẹgbẹ́ Adams Express, àwọn tí ń bá ènìyàn kó ẹrù. Nígbà tí ó sì ṣe, ìwé owó dọ́là 10 tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí èrè. Carnegie sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé owó àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun rí gbà láìjẹ́ pé òógùn ojú òun ni, ayọ̀ rẹ̀ kò sì mọ ní ìwọ̀n. Láti ọjọ́ náà lọ ni ó ti ń fi owó bí owó. Ó ní ìpín nínú ọkọ̀ ojú irin oníbùsùn, ó ní in nínú epo ilẹ̀, ó ní in nínú ẹgbẹ́ tí ń kọ́ afárá. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú irin tí ń ra afárá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí olùrà àti olùtà fi jókòó sórí àga kan náà. A kò gbọ́ pé adájọ́ kankan pè wọ́n sí ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ó tún ń lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti ta ìwé ẹ̀yáwó ti ọkọ̀ ojú irin àti ti afárá Amẹ́ríkà fún àwọn olówó ibẹ̀, irú Junius Morgan, ó sì ń gba owó alágbàtà lórí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ahunṣọ tí ó fi owó ẹ̀yá ré òkun kọjá ṣe di ẹni tí ń kó owó ẹ̀yá ré òkun náà fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní ìparí ọdún 1868, ó jókòó sí ilé àlejò kan ní New York, ó ṣírò ohun ìní rẹ̀, ó sì rí i pé owó tí ń wọlé fún òun tó dọ́là 50,000 lọ́dún. Ọmọ ọdún 33 ni. Ó kọ ìwé kékeré kan sí ara rẹ̀ pé kíkó ọrọ̀ jọ wà lára ìbọ̀rìṣà tí ó burú jùlọ, àti pé bí òun bá ń fi gbogbo ọkàn òun sí i pẹ́, yóò sọ òun di ẹni tí kò ní àtúnṣe mọ́. Nítorí náà, nígbà tí òun bá pé ọmọ ọdún 35, òun yóò fi òwò sílẹ̀. Ní ti wa, a kò tí ì rí ìwàásù lórí òfin kejì tí ó mọ́ tó ìwé yìí, oníṣòwò ni ó sì kọ ọ́ fún ara rẹ̀ láìsí ẹni tí ń gbọ́. Ọdún 32 gbáko ni ó sì tún fi ṣòwò lẹ́yìn rẹ̀.

Irin ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń fi ọ̀nà Bessemer yọ́ irin, kí ó le, kí ó sì pọ̀ ní àkókò kúkúrú. Nígbà tí ó sì di ọdún 1875, ilé iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irin ojú ọ̀nà rélùwéè ní Braddock. Ó fi orúkọ Edgar Thomson, olórí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti Pennsylvania, pe ilé iṣẹ́ náà, nítorí òun ni yóò ra irin. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe ètò ìkórè, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n fífi ọlọ́lá ṣe alága kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín.) Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti sọ: kí a mọ iye tí ohun gbogbo ń ná wa dé orí sẹ́ǹtì tí ó kẹ́yìn, kí a sì máa dín in kù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ohun tí ń náni lówó ní ilé iṣẹ́, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú èédú àti ẹ̀rọ.

Ní ọdún 1886, Carnegie kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn láti gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ wí pé àwọn òṣìṣẹ́ rere ní òfin kan tí a kò kọ sínú ìwé, pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn dé ní Homestead, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan létí odò Monongahela, níbi tí ènìyàn bí 3,800 ti ń ṣiṣẹ́. Owó ọ̀yà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ibẹ̀ dunjú a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí owó irin bá ti rí lọ́jà, ṣùgbọ́n bí owó irin tilẹ̀ wálẹ̀ ju dọ́là 25 lọ lórí tọ́ọ̀nù kan, ọ̀yà wọn kì í bá a lọ mọ́. Ilé iṣẹ́ fẹ́ fa ààlà yìí wá sí dọ́là 22, ó sì wá gbà fún 23. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbà láti sọ̀kalẹ̀ dé 24. Dọ́là kan péré ni ó kù láàrín wọn. Ṣùgbọ́n Henry Clay Frick, tí Carnegie fi ṣe olórí ibẹ̀, ń wá ohun tí ó ju dọ́là lọ. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà parẹ́, nítorí ó mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti mọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ó ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1892, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó fi ọkọ̀ ojú omi kó 300 ẹ̀ṣọ́ Pinkerton tí a fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀ wá láti gba ilé iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ìlú pàdé wọn létí odò, ìbọn dún, nígbà tí ọjọ́ yóò sì fi lọ, ènìyàn bí 10 ti kú níhà méjèèjì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ rán ọmọ ogun tí ó ju 8,000 lọ síbẹ̀. Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, ebi ti ṣẹ́gun. Àwọn tí a tún gbà padà gbà á ní iye tí a bá fún wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 lójúmọ́; a sì kọ orúkọ àwọn olórí wọn sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ irin mìíràn má baà fún wọn ní iṣẹ́.

Níbo ni Carnegie wà? Ó wà ní Skọ́tláǹdì, ní ibi ìsinmi. Kí ọ̀ràn tó bẹ́ sílẹ̀ ni ó ti kọ̀wé sí Frick pé òun fara mọ́ ohunkóhun tí ó bá ṣe. Ẹni tí ó ti gbé ìwé wáyà kiri nígbà èwe rẹ̀ kò lè wí pé òun kò mọ bí a ti ń fi wáyà dá ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́. Ó jẹ́wọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé kò sí ohun tí ó dun òun tó Homestead láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé òun. Àwa kò sì ṣe iyèméjì pé òtítọ́ ni ó sọ.

Nísinsìnyí a dé orí ìbéèrè tí a ń bá bọ̀. Ní ọdún 1889, ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀ràn yìí, Carnegie ti kọ àròkọ kan lórí ọrọ̀, èyí tí ó di olókìkí káàkiri ayé. Ó wí níbẹ̀ pé ìtìjú ni fún ọlọ́rọ̀ láti kú sórí ọrọ̀ rẹ̀. Pé alábòójútó ni ó jẹ́ lórí rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, kí ó sì pín in kí ó tó kú. Títí dé ìhín, àwa pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní bí a bá pín owó náà ní kékeré-kékeré fún àwọn ènìyàn, wọn yóò fi jẹun, wọn yóò fi mu, yóò sì tán. Ó sàn kí ó kó jọ sọ́wọ́ ẹnì kan tí ó gbọ́n, kí ó fi ṣe ohun ńlá tí yóò wà pẹ́ fún gbogbo ìlú.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, pàápàá ní etí àwa tí a kàwé, nítorí a fẹ́ràn ilé ìkàwé ju ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Allegheny. Ká ní ẹnì kan dúró ní ẹnu ọ̀nà oníbàtà nì ní ọdún 1848, kí ó wí fún Margaret Carnegie pé, “Ìyá, owó tí o ń gbà yìí kéré, ẹ̀kọ àti èédú ni ìwọ yóò fi rà, jẹ́ kí n mú ìdá kan nínú rẹ̀, kí n fi kọ́ gbọ̀ngàn orin sí ìlú.” Ǹjẹ́ ọmọ rẹ̀ ìbá wà láàyè láti di Andrew Carnegie? Owó kékeré tí a fi jẹun ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìwé Anderson. Obìnrin náà mọ ohun tí owó rẹ̀ wà fún ju ọlọ́gbọ́n kankan lọ, nítorí òun ni ó mọ ẹni tí ebi ń pa nínú ilé. Bí ó ti rí fún un ni ó rí fún àwọn ìyá ilé ní Homestead, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn lébìrà tí í ṣe ọkọ wọn kì í gbà tó dọ́là 2 lójúmọ́. Bí ọ̀gá bá dín owó ọ̀yà kù ní agbára, tí ó sì fi èyí tí ó dín ṣe ohun rere, kì í ṣe alábòójútó owó ara rẹ̀ ni ó ń ṣe mọ́. Ó ń bá ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ ná owó rẹ̀.

Àwọn òǹkàwé wa mọ ìtàn Sákéù dáadáa, ṣùgbọ́n a kì í sábà kíyè sí i pé ìwé ìṣirò méjì ni ó ṣí ní ọjọ́ tí Olúwa wọ ilé rẹ̀. Ó mú ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà. Èyí jẹ́ ọrẹ. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ àwọn tí ó ti rẹ́ jẹ, pé òun yóò dá a padà fún wọn ní ìlọ́po mẹ́rin. Èyí kì í ṣe ọrẹ rárá, gbèsè ni. Kò da èkínní pọ̀ mọ́ èkejì. Kò wí pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti fún tálákà Jẹ́ríkò ní owó púpọ̀, kí ẹni tí òun rẹ́ jẹ lọ bá wọn pín nínú rẹ̀. Ọrẹ lè lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá wu olùfúnni. Gbèsè ní orúkọ ẹni tí a jẹ, kò sì lè lọ sí ibòmíràn.

Kí a má ṣe ṣe àìṣòótọ́ sí òkú. Nígbà tí Carnegie ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn J. P. Morgan ní ọdún 1901 ní dọ́là 480 mílíọ̀nù, ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó ya dọ́là 4 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tí ó bá farapa àti àwọn arúgbó wọn. Èyí súnmọ́ ìwé ìṣirò kejì ti Sákéù. Síbẹ̀ ọwọ́ olùfúnni ni ó ti jáde, ní ìwọ̀n tí ó wù ú. Àwọn tí a sì ti lé lọ ní 1892 kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ní ọdún 1900 nìkan, èrè ilé iṣẹ́ yìí jẹ́ dọ́là 40 mílíọ̀nù, 25 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Carnegie.

Ọrẹ rẹ̀ pọ̀ kọjá èyí tí a lè kà tán: ilé ìkàwé 2,509 ní oríṣiríṣi ilẹ̀, dùùrù tí ó ju 7,000 lọ fún àwọn ìjọ, owó fún àwọn yunifásítì Skọ́tláǹdì, owó fún ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee tí Booker Washington dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú. Kí ó tó kú ní ọdún 1919, ó ti fi dọ́là bí 350 mílíọ̀nù tọrẹ. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Ní Wheeling, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ní ọdún 1904, nígbà tí a pe àwọn ará ìlú láti dìbò lórí owó tí wọn yóò dá kí wọ́n lè gba ilé ìkàwé rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rántí Homestead, wọ́n sì bì í ṣubú. Homestead tìkára rẹ̀ ti gba tirẹ̀ ní ọdún 1898, ilé tí ó lẹ́wà, tí ó ní gbọ̀ngàn orin àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dúró níwájú iná ìléru fún wákàtí 12, ojú wo ni yóò fi kà á? Síbẹ̀ a kò lè ṣàì sọ pé ilé iṣẹ́ irin náà ti kógbá wọlé láti ọdún 1986, ilé ìkàwé sì wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn ọmọ ọmọ sì ń wọ ibẹ̀.

Àwa tìkára wa kò sí lóde ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1911, Carnegie dá ẹgbẹ́ Carnegie Corporation sílẹ̀ ní New York láti máa ná owó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ yìí ni a fi gbọ́ bùkátà ìgbìmọ̀ tí Sir Eric Ashby ṣe alága rẹ̀, tí a yàn ní ọdún 1959 láti wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò. Kenneth Dike, Sanya Onabamiro àti Shettima Kashim wà nínú rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún òmìnira, yunifásítì ti Èkó àti ti Zaria sì tẹ̀lé e ní 1962. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí ti jáde láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹni tí ó kọ́ yín ti ibẹ̀ jáde. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a ti kọ̀ ọ́? Lójú tiwa, kò yẹ. Kíkọ̀ tí àwa bá kọ̀ ọ́ kò lè dá dọ́là kan padà sínú àpò ẹni tí ó kú létí odò Monongahela. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń dúpẹ́, a jẹ ẹ̀yọ ọpẹ́ kan fún àwọn tí orúkọ wọn kò sí lára ògiri kankan, àwọn tí a gba ọrẹ lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ń tọrẹ.

Ẹ̀yin ará, irú àwọn olùtọrẹ bẹ́ẹ̀ wà láàrín wa. Àwọn ìjọ kan ní ilé ìwé tí a kò tí ì san owó oṣù àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé, a sì ń gbé ilé ìṣọ́ agogo ga sí i. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣọ́ òru àti agbálẹ̀ tí owó oṣù wọn ti wà ní ojú kan láti ọdún pípẹ́, nígbà tí a ń ra dùùrù tuntun tí a ó sì fín orúkọ olówó kan sí i lára. Nígbà náà, kì í ṣe olówó nìkan ni a ó bi léèrè. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ra dùùrù náà, a ó ní láti kà á dé orí agbálẹ̀.

Àbá wa ni pé, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó bá ṣáájú ìkórè, kí akápò mú ìwé méjì wá bíi ti Sákéù. Kí ó kọ́kọ́ ka èyí tí orúkọ olúkúlùkù tí ìjọ jẹ lówó oṣù wà nínú rẹ̀, àti iye oṣù tí a jẹ ẹ́, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ìgbìmọ̀ yóò gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá ṣí ìwé ìlérí ìkórè. Àwọn kan ti sọ fún wa pé èyí yóò mú kí ìlérí dín kù, nítorí àwọn olówó fẹ́ kí owó wọn lọ sára ohun tí a lè rí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A ó fẹ́ kí ìjọ tí ó bá dán an wò kọ̀wé sí wa, kí wọ́n sọ iye tí ó dín àti iye olùkọ́ tí a san owó rẹ̀.